Fọ́tò Màmá Lórí Tẹlifíṣọ̀n: Bí A Ṣe Ń Gbé Sílàìdì Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Sórí Àwo DVD

 

Nígbà tí ìyá wa pé ẹni 80 ọdún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan dé láti Èkó pẹ̀lú àwo DVD kan tó fi pépà wé bí ẹni fi ewé di obì. Fọ́tò Màmá ló wà lórí rẹ̀: Màmá nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, Màmá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Màmá àti Bàbá wa tó ti dolóògbé níwájú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù lé. Oṣù méjì gbáko lọmọ náà fi wá àwọn fọ́tò yìí kiri ilé ẹbí. Ó tò wọ́n sínú PowerPoint, ó fi orin sí i, ó kọ ọdún àti orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá kó gbogbo rẹ̀ sórí àwo. Lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó dùn ún wò bíi sinimá.

A jókòó. Àwọn àgbà gba àga, àwọn ọmọdé tẹ́ ara sílẹ̀ níwájú. A ti àwo náà bọ ẹ̀rọ DVD. Ẹ̀rọ náà kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn. Ìgbà tó yá, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun kò mọ irú àwo yìí. A yọ ọ́, a fi aṣọ nù ún, a dá a padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ. Ẹnì kan ní ká fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ náà ló ti gbó. Màmá fúnra wọn ló pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ó sinmi ná. Ọ̀nà Èkó jìn."

Kò sí ohun tó ṣe àwo náà, kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Bí a ṣe ń pè é ní àwo gan-an ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa. Àwo tí a fi ń jẹun kì í yan ohun tí a bù sí i. Ẹ lè bu iyán sí i, ẹ sì lè gbé iṣu tútù lé e. Àwo gbà méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ jẹun ni kò ní gbà. Ẹ̀rọ DVD tó wà ní pálọ̀ yín, ẹni tó jókòó de iyán ni. Kò ní ọ̀bẹ, kò ní ààrò, kò ní odó. Iṣu tútù lọmọ wa sì gbé síwájú rẹ̀.

Ìdí ni pé fáìlì tí PowerPoint ń tọ́jú kì í ṣe fídíò. Àkọsílẹ̀ ni: gbé fọ́tò yìí síbí, kọ lẹ́tà yìí sábẹ́ rẹ̀, bó bá ṣe díẹ̀, kí o gbé òmíràn wọlé láti ọwọ́ ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà tó ní PowerPoint nínú ló lè ka àkọsílẹ̀ yẹn, kó sì máa sè é bó ṣe ń bù ú fún yín. Ẹ̀rọ DVD kò ní in. Ohun tí òun ń wá lórí àwo ni fódà kan tó ń jẹ́ VIDEO_TS. Inú fódà yẹn ni fáìlì VOB wà, òun ló gbé àwòrán àti ohùn. Ibẹ̀ náà ni fáìlì IFO wà, tó ń júwe ọ̀nà fún ẹ̀rọ pé ibí ni ìbẹ̀rẹ̀, ibí ni orí kejì. Ẹ̀dà IFO yìí, tí wọ́n ń pè ní BUP, tún wà níbẹ̀ nítorí ọjọ́ tí apá kan àwo bá bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá wá fódà yìí tí kò rí i, ojú ni yóò máa wò yín. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n gbọ́n ju ẹgbẹ́ wọn lọ, tí wọ́n lè ṣí fọ́tò JPEG tàbí orin MP3 tí a kó sórí àwo. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rọ DVD tó ń ka PowerPoint.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ìkejì sì ni àwọn ènìyàn máa ń rántí. Wọ́n á ní ẹ bá mi bọ́ọ̀nù rẹ̀ sórí àwo. Ìbọ́ọ̀nù kò le. Sísè rẹ̀, ìyẹn sísọ sílàìdì di fídíò tí tẹlifíṣọ̀n lè gbé, níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ lọ́kàn pé ta ló tún ń lo àwo láyé fílàṣì. Òótọ́ ni. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní ojú USB, ẹ kó fídíò náà sórí fílàṣì, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́, ó ti parí. Ẹ kàn rántí pé fídíò náà ni ẹ gbọ́dọ̀ kó síbẹ̀, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n náà kì í jẹ iṣu tútù. Ṣùgbọ́n ìyá wa ní ẹ̀rọ DVD tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n mọ bọ́tìnnì tó ń ṣí i, wọ́n mọ èyí tó ń dá a dúró. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní òmíràn, èmi náà kò sì rí ìdí tí a fi ní láti dà wọ́n láàmú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwo ṣeé pín níbi ìnáwó. Ẹ lè fi sínú àpò ìpín-fúnni pẹ̀lú ike àti ìwé àkọsílẹ̀, kí àlejò gbé e lọ sílé.

Ìfẹ́ láti wo fọ́tò ẹbí lórí tẹlifíṣọ̀n kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1992, Kodak gbé ohun kan jáde tó pè ní Photo CD, nǹkan bí 100 fọ́tò ló ń gbà lórí ẹyọ àwo kan, kí ìdílé lè máa wò ó ní pálọ̀. Kò tàn dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ọdún 1993 ni VCD dé, èyí ni àwa mọ̀ dáadáa, nítorí òun ló gba ipò fọ́nrán lọ́wọ́ àwọn onísinimá wa. Ẹ ó rántí pé àwo méjì ni sinimá Yorùbá kan sábà máa ń jẹ́. Àwo VCD kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Bí ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ìyálé bá ti ń gbóná ni a ó dìde lọ pààrọ̀ àwo. DVD tẹ̀lé e: ní Japan ní oṣù kọkànlá ọdún 1996, ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta ọdún 1997. PowerPoint ní tirẹ̀ ti wà láti ọdún 1987, orí kọ̀ǹpútà Macintosh ló sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí Microsoft tó ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ́dún kan náà ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Yàrá ìpàdé ni wọ́n ṣe é fún. Kò sẹ́ni tó ń ro ti pálọ̀ Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi àwo kejì rán awakọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti sè é, ẹ̀rọ sì gbà á. Orin bẹ̀rẹ̀, Màmá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, a pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó dé orí fọ́tò kẹta tàbí ìkẹrin, àbúrò Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè pé oko wo nìyẹn. Oko kẹ̀? A wo tẹlifíṣọ̀n. Ohun tọ́mọ náà kọ sábẹ́ fọ́tò ni "Màmá àti ọkọ wọn, 1968." Ohun tó hàn ní pálọ̀ ni "Màmá àti oko won, 196", nítorí pé tẹlifíṣọ̀n ti gé nọ́mbà tó kẹ́yìn lọ, ó sì ti jẹ àmì abẹ́ lẹ́tà run. Bàbá wa sì nìyẹn nínú kóòtù, tí wọ́n sọ di oko.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àwòrán DVD tiwa, àmì ìmọ́lẹ̀ tóótòòtó ni wọ́n fi yà á: 720 ní ìbú, 576 ní òró. Bí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 414,720. Fọ́tò tí fóònù lásán ń yà lónìí lè ní 4,000 ní ìbú àti 3,000 ní òró, ìyẹn mílíọ̀nù 12. Kí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tó lè gba orí DVD, nǹkan bí àmì 29 ni a ó fún pọ̀ di ẹyọ kan. Ojú ènìyàn máa ń la èyí já, nítorí pé ojú tóbi nínú fọ́tò. Lẹ́tà kéékèèké kì í là á já.

Ẹ wá wo bí ó ṣe kan àmì wa. Òró sílàìdì kan nínú PowerPoint jẹ́ ínǹṣì 7.5. Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n lẹ́tà, 72 ló wà nínú ínǹṣì kan, nítorí náà 540 ni òró sílàìdì náà. Tẹlifíṣọ̀n ní ìlà 576 láti fi ya 540 yẹn. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: lẹ́tà tí ẹ bá pè ní 12, nǹkan bí ìlà 13 péré ló máa rí gbà. Nínú ìlà 13 yẹn ni ara lẹ́tà máa wà, ibẹ̀ ni àmì ohùn orí rẹ̀ máa wà, ibẹ̀ náà ni àmì abẹ́ rẹ̀ máa wà. Tí wọ́n bá pín in tán, ìlà kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló kù fún àmì abẹ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Tiwa kò lè fara dà á. Mo máa ń sọ pé kí ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá má lo ohun tó kéré sí 32, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ lo 36, kí ẹ sì yan lẹ́tà tí ara rẹ̀ ki, tí kò ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìdí kejì tún wà. Tẹlifíṣọ̀n aláwo gíláàsì ńlá ayé àtijọ́, tó wúwo tí ènìyàn méjì ń gbé, kì í ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́kọ́, ó á ya ìlà kìn-ín-ní, ìkẹta, ìkarùn-ún, títí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò padà wá ya ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Ìgbà 50 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ló fi ń rí àwòrán 25. Ohun tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà kan ṣoṣo gbà á, ìgbà kan yóò wà, ìgbà kan kò ní sí. Ẹ ó máa rí i tó ń gbọ̀n bí iná àtùpà lójú afẹ́fẹ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti fà yíká fọ́tò, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó nípọn, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n yẹn kan náà máa ń jẹ etí àwòrán. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn onítẹlifíṣọ̀n sì mọ̀. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ni pé kí a fi ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ohunkóhun tí a bá kọ, kí a má sì gbé ohun tó ṣe pàtàkì sínú ìdajì ìyẹn tó sún mọ́ etí jù. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni gbé fọ́tò sínú férémù: férémù á bo etí rẹ̀ díẹ̀. Orúkọ Màmá kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ férémù. Bí ọmọ wa bá ti mọ èyí ni, 8 inú 1968 kì bá tí sọnù.

Ní ti ìrísí: kí ẹ tó ṣe sílàìdì kan ṣoṣo, ẹ lọ wo irú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n máa fi wò ó. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 4, òró rẹ̀ jẹ́ 3. Pẹlẹbẹ tòde òní jẹ́ 16 sí 9. PowerPoint ti ọdún 2010 sẹ́yìn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 sí 3, láti 2013 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 16 sí 9. Bí ẹ bá ṣe é ní ọ̀kan tí ẹ sì sọ fún àwo pé òmíràn ni, gbogbo ẹbí ni yóò sanra lójijì tàbí kí wọ́n rù. Mo ti rí i níbi ìsìnkú kan tí ojú olóògbé fẹ̀ bí àtẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa wí i.

Àwọ̀ pupa fòò máa ń ṣàn jáde létí lẹ́tà tó bá jẹ́ wáyà yẹ́lò ló gbé àwòrán láti ẹ̀rọ DVD wá sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lo àwọ̀ mìíràn.

Báwo ni kí fọ́tò kan ṣe pẹ́ tó? PowerPoint, bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún un, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún nígbà tó bá ń sọ ọ́ di fídíò. Ọmọ tó jókòó ti láptọ́ọ̀pù, tó ti rí fọ́tò náà nígbà ogún, á ní ó pọ̀ jù. Àgbàlagbà tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ogójì ọdún kò tíì wọ gíláàsì ojú tán. Mo máa ń sọ pé mẹ́jọ. Bí ènìyàn bá pọ̀ nínú fọ́tò náà, ẹ jẹ́ kó tó méjìlá, nítorí wọ́n máa fẹ́ dárúkọ gbogbo wọn láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Fọ́tò 60 ní mẹ́jọ-mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Kò sẹ́ni tó máa sùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò máa fò, kí wọ́n máa yí bí òkòtó, kí wọ́n máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí òmíràn tó wọlé. Mo mọ̀ pé PowerPoint kó gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tí DVD ń gbà tọ́jú fídíò ni pé ó máa ń kọ ohun tó yí padà láti àwòrán kan sí èkejì, ó máa ń fo ohun tí kò yí padà. Fọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn púpọ̀, yóò sì mọ́ kedere. Èyí tó ń yí bírí-bírí, gbogbo ara rẹ̀ ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì rí i tí àwòrán ń fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké. Kí fọ́tò kan rọra yọ́ lọ kí òmíràn sì rọra yọ wọlé, ìyẹn tó.

Nígbà tí sílàìdì bá ti wà bó ṣe yẹ, sísọ ọ́ di fídíò kì í gba wàhálà mọ́. Nínú PowerPoint 2013 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ File, ẹ tẹ Export, ẹ yan Create a Video, kí ẹ sì fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí MP4. Nínú ti 2010, Save & Send ni wọ́n kọ dípò Export, WMV nìkan ló sì mọ̀. Àwọn tó ṣì ń lo 2003 tàbí 2007 kò ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi sílàìdì kọ̀ọ̀kan pamọ́ bíi fọ́tò JPEG, kí wọ́n wá tò ó pọ̀ pẹ̀lú orin nínú ètò tó ń ṣe fídíò. Àwọn wọ̀nyí náà ló ń pàdánù orin jù, nítorí pé PowerPoint ayé ìgbà yẹn kì í sábà gbé orin mì. Ó kàn ń rántí ibi tí orin náà wà lórí kọ̀ǹpútà yín ni. Bí ẹ bá gbé fáìlì náà lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, orin kò ní bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, orí kọ̀ǹpútà tiyín gan-an ni kí ẹ ti sọ ọ́ di fídíò. Ẹ má gbé PowerPoint lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Àmì Yorùbá tún ni ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní nọ́mbà fún ẹ, ó ní nọ́mbà fún ọ àti ṣ. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lórí tó tún ní lábẹ́ kò ní nọ́mbà tirẹ̀: lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n gbé léra. Irú lẹ́tà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé àmì náà lé e lórí déédéé. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó ya àpótí ṣófo síbẹ̀. Ẹ kò mọ irú lẹ́tà tó wà lórí kọ̀ǹpútà oníṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ti di fídíò, lẹ́tà ti di àwòrán, kò sí ibi tí ẹ gbé e lọ tó máa yí padà.

Láti fídíò di àwo, ètò kan wà tó ń jẹ́ DVDStyler, ọ̀fẹ́ ni. Windows Vista àti Windows 7 kan wá pẹ̀lú Windows DVD Maker tiwọn, ṣùgbọ́n Microsoft yọ ọ́ kúrò nígbà tí Windows 8 dé. Ètò yòówù kí ẹ lò, á bi yín ní ìbéèrè kan: ṣé PAL ni àbí NTSC? Nàìjíríà àti Ìlú Ọba, PAL ni. Amẹ́ríkà, NTSC ni, ìlà 480 ni àwòrán tiwọn ní dípò 576, nǹkan bí àwòrán 30 ló sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ DVD ọ̀dọ̀ wa ń gba méjèèjì. Ti Amẹ́ríkà kì í sábà gba PAL. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù àti àbúrò ní Houston, ẹ ṣe àwo oríṣi méjì, kí àbúrò má baà rò pé ẹ kò ka òun sí.

Ètò náà tún máa fún yín láyè láti pín fídíò sí orí-orí. Ẹ má fo èyí. Fídíò kan lórí DVD lè ní tó orí 99. Ẹ lè fi orí kan síwájú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó di rìmóòtù mú lè fo síwájú tàbí padà sẹ́yìn bí ẹni ń ṣí ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ìbọ́ọ̀nù. Ẹ ra DVD-R, èyí tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. DVD-RW ṣeé pa rẹ́ kí a tún un kọ, ó dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kì í dán tó ti àkọ́kọ́ lójú ẹ̀rọ, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kì í sì í rí i kà. Gígùn fídíò yín kò ní jẹ́ ìṣòro: 4.7 GB ni àwo kan ń gbà, fídíò oníṣẹ́jú mẹ́wàá tó mọ́ dáadáa kò sì ju nǹkan bí 0.6 lọ nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un pọ̀ kó kéré. Bí ètò bá bi yín pé báwo ni kó ṣe yára tó, ẹ ní 4x tàbí 8x, kódà bí wọ́n bá kọ 16x sára páálí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì tàbí UPS. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ìbọ́ọ̀nù ti dé ìdajì, àwo yẹn ti di ohun tí a fi ń lé ẹyẹ lóko nìyẹn.

Aró ló wà nínú àwo tí a ń kọ fúnra wa. Ìmọ́lẹ̀ láṣà ló ń fi ooru sàmì sínú aró yẹn. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti Òṣogbo tí ẹ mọ àdìrẹ, ẹ mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún aró, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ má fi àwo sílẹ̀ níwájú mọ́tò. Máàkì tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí i lẹ́yìn, kì í ṣe bírò, ẹ má sì lẹ pépà mọ́ ọn, nítorí pé bí ó bá ń yí, pépà á mú un gbọ̀n. Kí fọ́tò gangan ṣì wà níbòmíràn, lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fílàṣì.

Nígbà ọdún Kérésì lọmọ wa gbé àwo kẹta wá fúnra rẹ̀. Lẹ́tà tóbi, orúkọ pé, Bàbá ti padà di ọkọ. Àbúrò Màmá ka gbogbo rẹ̀ sókè láti ẹ̀yìn láìbéèrè nǹkan kan. Ọmọ náà fi rìmóòtù han Màmá, bọ́tìnnì tó ń lọ síwájú àti èyí tó ń padà sẹ́yìn, a jẹun, a sì túká.

Lóru, mo gbọ́ orin láti pálọ̀. Ẹyọ ibì kan náà nínú orin náà ni, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dá, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Mo jáde. Màmá nìkan ló jókòó, rìmóòtù wà lọ́wọ́ wọn, Bàbá sì wà lójú tẹlifíṣọ̀n níwájú ilé onípáànù tuntun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, Bàbá lọ. Màmá tẹ bọ́tìnnì, Bàbá padà.

Mo ní, "Màmá, ẹ kò tíì sùn?"

Wọn kò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Bá mi sọ fún ọmọ yẹn, ó ń tètè gbé bàbá yín lọ jù."